Bátìrì ọkọ̀ mi ti ń gba iná

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo ké sí yín lórí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tí mo fi ń pẹja ní dáàmù Èrò, ní Ìkùn-Èkìtì: bátìrì kì í gba iná mọ́, mítà tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí náà sì kú sórí òdo. Àwọn kan ní kí n lọ ra bátìrì tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ò sí lọ́wọ́!

Ẹni tó ní kí n wọn orí bátìrì ló là mí lójú. Ẹ́ńjìnnì ń ké, síbẹ̀ fólítì 12.3 ni mo bá, nígbà tó yẹ kó ju 13.5 lọ. Mo yẹ státọ̀ wò, ìyẹn wáyà wíwé inú ẹ́ńjìnnì tó ń pèsè iná, kò sí wáyà rẹ̀ tó kan irin. Ó ku rẹ́kítífáyà, èyí tó ń sọ iná státọ̀ di irú èyí tí bátìrì lè gbà. Bí mo ṣe tú u, òórùn ike jíjóná ló kí mi káàbọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú bí àkàrà. Ọ̀nà kan náà ni iná bátìrì àti ti mítà yẹn ń gbà, ni wọ́n ṣe jọ kú.

Ta ló jó o? Èmi náà ni. Mo ní kí àbúrò mi yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. (Ẹ rọra bú mi o.) Wáyà ilẹ̀, èyí tó so bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, náà ti dípẹtà, sáńpépà ni mo fi ha á títí ó fi dán.

Rìwáyà kan ní Adó bá mi wá rẹ́kítífáyà tòkunbọ̀. Ọjọ́ kẹta rèé: fólítì 14.1, ọwọ́ mítà sì ń gòkè. Ẹ ṣé o, mo ti parí tèmi.