Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ mi nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàgámù ni mò ń gbé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún mi pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó dá ṣáṣá máa ń rí roboto, ó sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Ti ọmọ mi ń tẹ̀ bíi dòjé, kì í sábà ju 20 ọjọ́ lọ kó tó bàjẹ́. Ìyẹn yé mi.

Ohun tó bi mí lálẹ́ àná ni ò jẹ́ kí n sùn: “Màmá mi, tíṣà wa ní inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni àṣẹ tó ń darí rẹ̀ wà, pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ò sì ní kóró. Ta ló wá pàṣẹ pé kí tèmi tẹ̀?”

Ṣé inú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni nǹkan ti yí, kí kóró tó jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì? Kí ló sì dé tí òùngbẹ àti ọyẹ́ fi máa ń dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀? Gaàrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù nini pò ló fẹ́ràn jù, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ bá mi fi èdè tó máa yé ọmọdé sọ ọ́. Mi ò fẹ́ parọ́ fún un.