Ẹ̀yin tí ẹ ti bá therapist ìyá àti ọmọ pàdé rí, ẹ bá wa sọ ọ́

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní kí n wá therapist, ẹni tó ń tọ́jú ọkàn èèyàn láìlo oògùn, èyí tó ń tọ́jú ìyá àti ọmọ pọ̀. Mo rí obìnrin kan, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni tẹ́lẹ̀ kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó bímọ. Irú èèyàn wo ni tiyín? Kí ló ṣe fún yín?

Arẹwà: Ẹ lọ bá a jàre.

Bàbá Tóbi: Kò kọ ọ́ síbẹ̀? A jẹ́ pé kò bí nìyẹn. Ẹni tí ọmọ ò jí lóru rí, ìwé ló fẹ́ kà sí yín létí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá Tóbi, dókítà tó yọ eyín yín, ṣé tiẹ̀ náà ti jẹrà rí ni? Donald Winnicott, dókítà ọmọdé ní London, wà lára àwọn tó là á yé aráyé pé ìyá ò ní láti pé pérépéré kí ọmọ tó dàgbà dáadáa. Kò bímọ.

Bàbá Tóbi: Abájọ tó fi rọrùn fún un láti sọ!

Ìyá Dàmọ́lá: Agbẹ̀bí ni tèmi tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí èyí èkejì, ẹkún ni ṣáá. Wọ́n ní ara ìbímọ náà ni, yóò lọ. Kò lọ. Obìnrin yẹn ò bi mí nípa ìgbà èwe mi o (ohun tí mo ti ń bẹ̀rù nìyẹn). Bébà kan ló fún mi, ìbéèrè 10, ó ní ti ọjọ́ 7 tó kọjá nìkan ni kí n fi dáhùn. Nígbà tí mo dé ìkẹwàá, tí wọ́n ti ń bi èèyàn bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara ẹ̀ léṣe, mo gbé bírò lé "rárá", mi ò lè fà á. Ó rí mi. Ó rọra gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ fẹnu sọ ọ́." Ó wá bi mí ta ló máa sùn tì mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì kúrò lọ́dọ̀ mi títí mo fi pe àbúrò mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọ̀wé sí dókítà, torí òun kì í kọ oògùn. Oògùn tí ìyá lè máa lò kó sì tún máa fọ́mọ lọ́yàn wà o, ẹ béèrè.

Arẹwà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bébà tí wọ́n ń pè ní ti Edinburgh nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń wò ó bóyá àìsàn ìbànújẹ́ lẹ́yìn ìbímọ ń bọ̀ lára èèyàn; ó ti wà láti 1987. Máàkì 30 ló ga jù. Kì í sọ pé àìsàn ti dé, ó kàn ń jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká jókòó tì ni. Ẹkún ìbímọ lásán kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ 2. Tó bá kọjá ẹ̀, ẹ má dúró. Ẹni tó bá sì ti ń ronú ikú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá ìrànlọ́wọ́.

Màmá Kúnlé: Èmi o, inú bí mi ni. Lẹ́yìn tí èmi àti bàbá ẹ̀ pínyà, ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ níléèwé. Therapist jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá a fi ilé bèbí ṣeré. Ìgbàkígbà ni ọmọ máa ń gbé bèbí ọkùnrin gun orí òrùlé. Kò bi í pé kí ló dé. Ó kàn ń sọ pé, "Dádì wà lórí òrùlé." Ṣé eré ni mo ń sanwó fún ni? Ó pẹ́ kí ọmọ tó dá a lóhùn: "Kò rí àkàbà ni."

Ìyá Ìbejì: Áà!

Ọmọ Olùkọ́: Therapist ló sọ fún yín?

Màmá Kúnlé: Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, kì í sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ti là á lẹ́sẹẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀: àfi tí ewu bá wà.

Bàbá Tóbi: Ọmọ tí mo bí! Kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ ẹ̀ pa mọ́ fún mi!

Ọmọ Olùkọ́: Ẹ̀yin náà, gbogbo ẹ̀ lẹ sọ fún bàbá yín?

Adé: Èmi bàbá ni o. Ìyàwó mi ló bímọ, èmi ni mi ò rí oorun sùn, ọkàn mi ò sí nílé. Wọ́n ní kí n ṣe bí ọkùnrin.

Ìyá Dàmọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó ń ṣe bàbá náà. Wọ́n ń lo bébà kan náà fún wọn. Máàkì tí wọ́n fi ń fura sí ọkùnrin tiẹ̀ kéré sí ti ìyá, torí wọn kì í tètè jẹ́wọ́ ẹkún.

Bàbá Tóbi: Nọ́ọ̀sì, ibo lèèyàn ti lè rí bébà yẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń béèrè.

Arẹwà: Ẹ bá wa kí ọ̀rẹ́ yín.