Ìyàwó mi ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nílé, màmá mi sì ní kí a wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìkókó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ kọjá agbára mi, mi ò sì fẹ́ kó di ìjà láàárín ìyá mi àti ìyàwó mi.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí tí ìyàwó mi bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbóná, kò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. A gbé e padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán iṣan ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní ká máa lọ ilé, kó máa gba abẹ́rẹ́ enoxaparin 60 mg láàárọ̀ àti lálẹ́. Kílò 61 ni ìyàwó mi wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, èmi náà gún un ní ikùn lẹ́ẹ̀kan lójú rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ewé. Ó ní mo gbìyànjú. Ọjọ́ kẹta tí a délé nìyí.

Afẹ́fẹ́ kékeré kan máa ń wà nínú sírínjì náà. Àbúrò mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, pé afẹ́fẹ́ tó bá wọ ara máa ń pa èèyàn, ó rí i nínú fíìmù. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, oògùn díẹ̀ sì bá a dà nù. Ibi tí mo ti gún un tún ń dúdú bí ibi tí wọ́n kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ti màmá mi ló le jù. Alhaja wá tọ́jú ọlọ́mọ, Ọlọ́run sì mọ̀ pé láìsí wọn, a ò ní í sùn rárá. Wọ́n fẹ́ fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà, pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dì, wíwọ́ ló ń tú u. Wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀. Wọ́n ti ra àgbo lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ. Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá sírínjì mẹ́rin nínú firísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó ti dì gbagidi. Wọ́n ní oògùn tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ooru bà á jẹ́.

Ṣé mo lè yọ ọ́ kó yọ́, kí n sì lò ó? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá Alhaja sọ̀rọ̀ láìrí wọn fín?

Ìyá Ìbejì, Sábó

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Òrí kọ́, àdín kọ́. Mo ń padà bọ̀ wá kọ ìyókù, ọmọ ń ké.

Ọmọ Kẹ́míìsì

Bọ̀dá, ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni ẹ tún ń gún? Ìdí ni abẹ́rẹ́ ń lọ. Ẹ gún un sí ìdí, kò ní í dúdú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìwọ tó kọ ti òkè yìí, jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù àwọn ìyálọ́mọ ni mo pẹ́ sí jù. Enoxaparin kì í wọ inú ẹran ara. A kì í gún un sí ìdí, a kì í gún un sí èjìká. Bó bá wọ inú ẹran, ẹ̀jẹ̀ á máa sun sínú rẹ̀, ibẹ̀ á wú, á le bí òkúta. Inú ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ikùn ni àyè tirẹ̀.

Bàbá Ìkókó, fọ ọwọ́ rẹ ná. Jẹ́ kó dùbúlẹ̀ tàbí kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ara rẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ni kí o lò, ọ̀tún láàárọ̀, òsì lálẹ́. Kó jìnnà sí ìdodo tó ìka mẹ́ta, kó jìnnà sí ojú iṣẹ́ abẹ, kó sì jìnnà sí ibi tó ti dúdú tẹ́lẹ̀. Fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ká ọ̀rá ibẹ̀ jọ, má sì fi í sílẹ̀ títí oògùn á fi wọlé tán. Ṣánṣán ni abẹ́rẹ́ á wọlé, gbogbo gígùn rẹ̀, kì í ṣe ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Tẹ oògùn náà díẹ̀díẹ̀. Fà á yọ bó ṣe wọlé, kí o tó fi ọ̀rá sílẹ̀. Òwú gbígbẹ ni kí o wá gbé lé e, kí o má fi ọwọ́ ra á rárá. Rírà yẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó dúdú jù, ó sì dá mi lójú pé ẹ ti ń ra á.

Fi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe oògùn náà ló fi síbẹ̀. Òun ló ń wọlé kẹ́yìn, á ti oògùn tó kù lẹ́nu abẹ́rẹ́ wọlé, inú ọ̀rá ló sì ń lọ, kò dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀. 60 mg ló wà nínú sírínjì, 60 mg ni dókítà kọ, nítorí náà kò sí ohun tí o fẹ́ tẹ̀ dà nù. Ẹni tí wọ́n bá kọ ìwọ̀n tó dín sí ti inú sírínjì fún ló ń tẹ díẹ̀ jáde, wọ́n á sì ti fi bó ṣe ń ṣe é hàn án.

Èyí tó dì nínú firísà, má lò ó, kódà bó bá ti yọ́. Ó dùn mí nítorí owó, ṣùgbọ́n má lò ó. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dì, kí ooru ibi tó wà má sì kọjá 25°C. Mo mọ ooru ìlú wa. Wá yàrá tó tutù jù nínú ilé, kí o gbé e sísàlẹ̀ àpótí aṣọ, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilé ìdáná. Má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láé.

Bàbá Ìkókó

Ẹ ṣé gan-an, Mọ́mì. Òótọ́ ni, ìyàwó mi ló máa ń ra á. Níbo ni ká máa ju èyí tí a ti lò sí? Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ń jù ú sí. Tí mo bá sì pẹ́ dé lálẹ́ ńkọ́, ṣé kí n gún un ní méjì láàárọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Rárá o! Méjì kì í wọlé pọ̀ láé. Bí o bá pẹ́, gún un bí o bá ti dé. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́lé, fo èyí tó kọjá, kí o pe ilé ìwòsàn. Wákàtí méjìlá ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Wá ike líle, irú èyí tí wọ́n ń ta ọṣẹ olómi sínú rẹ̀, kí o máa ju abẹ́rẹ́ sí i láìdé e padà. Bó bá fẹ́ kún, dé ike náà pa, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ tó ń ṣa ike kiri Tákìe, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tú ìdọ̀tí.

Àbẹ̀ní, Ọ̀yọ́

Èmi náà gba abẹ́rẹ́ yìí fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọmọ mi kejì. Mo ń fún ọmọ lọ́mú, dókítà ní kò séwu fún un. Dídúdú yẹn kò dá ẹ̀rù bà mí, ó máa ń lọ.

Ohun tó fẹ́ pa mí ni ehín. Ehín ń dùn mí, mo ní kí wọ́n ra oògùn ìrora wá fún mi, wọ́n ra diclofenac. Ẹni tó tà á kò béèrè nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, mo jí, ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, àyíká ehín mi ló ń sun ún. Mo fi nápíkíìnnì há a lẹ́nu dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé diclofenac, ibuprofen àti aspirin kì í bá abẹ́rẹ́ yìí rìn àyàfi tí dókítà bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́. Bàbá Ìkókó, ẹ lọ tú àpò oògùn ìyàwó yín wò. Àwa tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, wọ́n sábà máa ń kọ irú rẹ̀ fún wa láti gbé lọ ilé.

Bàbá Ìkókó

Yé! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u wò. Diclofenac wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fún un nígbà àkọ́kọ́ tí a kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ẹsẹ̀ tó wú. Ó mu ọ̀kan láàárọ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Fara balẹ̀. Kó má mu òmíràn. Pe dókítà rẹ̀ nísinsìnyí, má dúró di ọ̀la, kí o sọ iye tó ti mu. Fún ìrora, pàrásítámọ́ọ̀lù ló máa ń wọ́pọ̀ fún irú wọn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí dókítà fọwọ́ sí i.

Wo ìyàwó rẹ dáadáa. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, bí ojú iṣẹ́ abẹ bá ń sun ẹ̀jẹ̀, tàbí bí orí bá fọ́ ọ lójijì lọ́nà tí kò fọ́ ọ rí, ilé ìwòsàn ni. Bó bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kódà bó ní kò dun òun.

Ìyá Ìbejì, Sábó

Mo ti dé. Ọ̀rọ̀ wíwọ́ ẹsẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan yẹn, bí wọ́n bá ń wọ́ ọ, ó lè já kúrò níbẹ̀, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó ń pa èèyàn nínú àìsàn yìí nìyẹn. Bí ìyàwó yín bá ń mí gúlegúle lójijì, tí àyà ń dùn ún bó bá mí sínú, tàbí tó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ẹ wọ ọkọ̀.

Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ikùn náà. Ojú iṣẹ́ abẹ kò tíì jinná, ibi abẹ́rẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tètè dá báyìí. Àgbo náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi parí ìtọ́jú. A ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Bí ata ilẹ̀ tàbí áyù bá pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn náà lè dá kún ẹ̀jẹ̀ sísun. Ìyá ọkọ tèmi tiẹ̀ fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí mi lórúnkún! Fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí, abẹ kò gbọ́dọ̀ kan ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti bí ẹ ó ṣe sọ fún Alhaja, ẹ má sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ mú wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà sọ ọ́ lójú wọn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá kọ̀ fún máa ń bínú. Èyí tí dókítà bá kí dáadáa, tó fún ní àga, tó sì sọ fún pé “Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ó bá wa ṣọ́ ọ”, á ṣọ́ ọ ju nọ́ọ̀sì lọ.

Àdùkẹ́ Alámàlà

Kó má jẹ ẹ̀fọ́ náà o, ẹ̀fọ́ ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Warfarin lo gbọ́ ọ nípa rẹ̀, Àdùkẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì mìíràn ni, oníhóró ni ìyẹn. Ẹ̀fọ́ kò dí abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́. Kódà ẹni tó ń lo warfarin kò ní láti sá fún ẹ̀fọ́, kí ìwọ̀n tó ń jẹ má kàn máa yí padà ni: kó má jẹ ìkòkò kan lónìí kó wá fi oṣù kan gbààwẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá máa yí ìyàwó rẹ sí warfarin, Bàbá Ìkókó, wọ́n á kọ́kọ́ lo méjèèjì pọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR á fi wà láàárín 2 sí 3. Má dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra rẹ torí pé o rí hóró lọ́wọ́.

Ọmọ Àáfà

Ẹ má bínú, ṣé ẹ mọ̀ pé ara ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ oògùn yìí?

Bàbá Ìkókó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Alhaja rí èyí o. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Àáfà

Òótọ́ ni. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè dá a dúró. Súrátùl-Bàkárà, ẹsẹ 173, ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ìnira bá dé bá, tí kì í ṣe pé ó ń wá ọ̀ràn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi dókítà nípa fondaparinux, abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì mìíràn ni, òun kò ti ara ẹranko wá. Ṣùgbọ́n kò ní í bá gbogbo èèyàn mu, dókítà ló mọ̀. Títí ẹ ó fi bi í, ẹ má fo ọ̀kan kankan.

Bàbá Ìkókó

Ọjọ́ kẹrin rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Dókítà ti dá diclofenac dúró, ó fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ka èròjà tó ń mú kí ojú ọgbẹ́ dí, pé abẹ́rẹ́ yìí lè mú un wálẹ̀ fún àwọn kan. Tirẹ̀ dára. Kíndìnrín rẹ̀ náà dára, wọ́n ní ibẹ̀ ni oògùn ń gbà jáde. Mo ra mẹ́rin mìíràn dípò ti firísà, mo sì yẹ nọ́mbà NAFDAC ara páálí wò kí n tó sanwó.

Mo mú Alhaja dání. Ó rí bí Ìyá Ìbejì ṣe wí gẹ́lẹ́. Dókítà fún wọn ní àga, ó ní àwọn ni olórí ẹ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ti kí Àsùbáà tán, wọ́n á ti jókòó ti ìyàwó mi, aago 6 àbọ̀ gééré. Bí a bá kí Màgàríbì, bákan náà. Lánàá, mo pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ náà, dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Alhaja dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní “Ọlọ́run á foríjì wá”, wọ́n sì béèrè ìgbà tí èyí tó kàn yẹ.

Wọ́n ní kí n bi yín: òrí tó kù yẹn, ṣé wọ́n lè fi ra ọmọ lára?

Ìyá Ìbejì, Sábó

Kí wọ́n fi ra á lára dáadáa. Ọmọ kò gba abẹ́rẹ́.