Ta ló ń san owó ẹ̀kọ́ náà? Ìrírí wa nídìí kíkọ́ni nípa ìnilára

Àwa mẹ́ta la fẹ́ sọ ìrírí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi.

Ọdún kejì tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa ìnilára ni. Mo ti ka ìtàn Jane Elliott, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó fi àwọ̀ ẹyinjú pín àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, tó ń gbé apá kan ga ju ìkejì lọ kí wọ́n lè mọ bí ìnilára ṣe rí, lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King ní 1968. Mo gbà pé ẹni tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbà á gbọ́. Ni mo bá kó àwọn tèmi jáde, mo ní kí wọ́n tò sórí ìlà kan. Bí òbí rẹ bá lọ sí yunifásítì, tẹ̀ síwájú. Bí o bá ti fi ebi sùn rí torí àìlówó, sún sẹ́yìn.

Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí tán, ọmọbìnrin kan ló dá dúró lẹ́yìn pátápátá. Kò sunkún. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Àwọn tó wà níwájú ń bojú wẹ̀yìn, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, àwọn kan tiẹ̀ ń nu ojú. Kò wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ kejì. Ìgbà tó padà dé, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Mà, gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wa lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni ẹ fi kọ́ wọn."

Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àṣírí tó ti tú, ẹ̀bẹ̀ kì í kó o padà. Mo ti fi ẹni tí ìyà jẹ ṣe pátákó ìkọ̀wé fún àwọn tí ìyà ò jẹ.

Láti ìgbà náà, ẹjọ́ kan tí ilé ẹjọ́ ti dá ni mo ń gbé wá sí kíláàsì dípò eré orí ìlà yẹn. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún pe General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ náà kò gba obìnrin aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ rárá ṣáájú 1964; nígbà tí wọ́n wá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ní 1976, ilé ẹjọ́ ní wọn kò lè pa ẹ̀sùn ti àwọ̀ pọ̀ mọ́ ti obìnrin. Ilé iṣẹ́ ṣáà ń gba obìnrin: aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ó ń gba aláwọ̀ dúdú: ọkùnrin ni wọ́n. Ní 1989, Kimberlé Crenshaw, onímọ̀ òfin ará Amẹ́ríkà, fi ẹni tó dúró ní oríta ṣàlàyé rẹ̀: ọkọ̀ lè gbá a láti ọ̀nà èyíkéyìí. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó bí adájọ́. Ariwo á sọ, gan-an ni! Kò sì sí ẹni tó ní láti tú ìdí ilé rẹ̀ síta.

*

Ẹ kú ìrírí, mà. Tèmi kúrú. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè lójú gbogbo èrò pé kí ni àwọn Mùsùlùmí rò nípa ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Sà, gbogbo wọn kọ́ ló rán mi." Mi ò bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi jẹ́ nígbà tèmi. Àga oníkẹ̀kẹ́ ni mo fi ń rìn, òkè àjà kejì sì ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ti bàjẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń gbé mi gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ń ka àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ó dé abala kẹsàn-án, èyí tó ní kí ilé ìwé ṣeé wọ̀ fún wa. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn tó gbé mi tí wọ́n ṣì ń mí hẹlẹ. Ó pa ìwé dé.

Ìsàlẹ̀ la ti parí kíláàsì ọjọ́ náà. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ nípa ẹ̀rọ náà. Mo mú gègé, olùkọ́ ní kí n gbé e sílẹ̀, pé èmi ti fi ara san tèmi.