Ṣé rédà nìkan tó láti fi yẹra fún kí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ lójú òkun?

Ìbéèrè, láti Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ ìtukọ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí ó wálé, ó sọ fún mi pé ojú rédà, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà láyìíká ọkọ̀, àti AIS, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ fi ń kéde orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó wà fún àwọn ọkọ̀ mìíràn, nìkan ni òun máa ń wò ní òru, nítorí pé ẹ̀rọ yóò dún bí ọkọ̀ mìíràn bá ń sún mọ́ wọn. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn?

Ìdáhùn, láti Oǹdó:
Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ òkun ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Òfin àgbáyé ti ọdún 1972 lórí dídènà ìkọlù pàṣẹ pé kí atukọ̀ máa fi ojú wò, kí ó máa fi etí gbọ́, kí ó sì tún máa lo ohun èlò yòówù tí ó bá wà lọ́wọ́. Ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé ìwọ̀nba díẹ̀ tí rédà bá fi hàn án. Rédà wà nínú ọkọ̀ èrò Andrea Doria, ó wà nínú ọkọ̀ èrò Stockholm, àwọn méjèèjì sì rí ara wọn lójú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kọlu ara wọn nítòsí Nantucket ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 1956, ènìyàn 51 sì kú. Ọ̀tọ̀ ni ìtumọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ohun tí ó rí.

Ẹ sọ fún un pé kí ó dúró sójú kan nínú yàrá ìtukọ̀, kí ó wo iná ọkọ̀ kejì láti ẹ̀gbẹ́ òpó fèrèsé. Bí ọkọ̀ tirẹ̀ kò bá yà, tí iná ọ̀hún kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà, tí ó sì ń mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n fẹ́ pàdé nìyẹn. Kí ó fi kọ́ńpáàsì yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Bí iná pupa ọkọ̀ kejì bá ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àbúrò yín ni yóò yà, kí ó sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kejì náà kọjá.

Ìdáhùn, láti Igbókòdá:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá àwa apẹja Ìlàjẹ bẹ àbúrò yín. Igi ni ọkọ̀ wa, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú rédà bí ìgbì bá ga tàbí tí òjò bá ń rọ̀. A kò ní AIS. Ní òru kan, àwa mẹ́ta ni a ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ̀ ńlá kan, kò yà, ó gba orí àwọ̀n wa kọjá. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ó ń wo ìta.

Olùbéèrè:
Mo ti pè é. Ó ní bí kùrukùru bá bo ojú òkun ńkọ́?

Ìdáhùn, láti Oǹdó:
Ìgbà yẹn gan-an ni rédà wúlò jù. Kí wọ́n dín eré kù, kí wọ́n sì máa fọn fèrè gígùn kan, kí àárín ọ̀kan sí èkejì má ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Kí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ó lè gbọ́ ti ẹlòmíràn.