Omi ń dúró lórí dẹ́kìn: kí n da kọnkéré lé e ni, àbí kí n lu ihò?

Ẹ̀yin bíríkìlà àti onípáìpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Òrùlé dẹ́kìn (òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n fi kọnkéré ṣe) ilé gbígbé ni, ní Ìbàdàn. Omi òjò ń dúró láàárín, mítà 4 sí ẹnu páìpù tó ń gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀. Páìpù kò dí: mo da omi sínú rẹ̀ tààrà, ó ṣàn lọ wàrà. Mo wá fi rọ́bà olómi wọn ìtẹ́jú: ẹnu páìpù fi 25 mm ga ju àárín lọ, bí omi náà ṣe jìn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ dẹ́kìn kò sán.

Bí mo bá da kọnkéré tó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 1:80 (kó fi mítà 1 rẹlẹ̀ nínú mítà 80), àárín yóò nípọn tó 75 mm, nǹkan bíi kílò 180 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹ̀rù ìwúwo yẹn ń bà mí gan-an.

Ṣé dẹ́kìn tó nípọn 150 mm lè gbé e, àbí kí n lu ihò 4-inch síbi tó jìn? Tó bá jẹ́ ihò, báwo la ṣe ń so felt (awẹ́ ọlọ́dà tí wọ́n ń tẹ́ sórí dẹ́kìn kó má baà jò) mọ́ ẹnu páìpù tí kò fi ní jò?