Header tí áàpù fi ránṣẹ́ ń sọnù lọ́dọ̀ Nginx nígbà tí èsì bá jẹ́ 404 tàbí 500

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù tí mo fi Python kọ ń ṣiṣẹ́ lórí Gunicorn (server tó ń gbé áàpù Python ṣiṣẹ́) ní port 8000, Nginx (server tó ń gba ìbéèrè browser, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí áàpù) sì wà níwájú rẹ̀. Ó máa ń fi header X-Request-Id, ìyẹn ìlà àlàyé kan tó ń ṣáájú èsì, sínú gbogbo èsì, kí n lè fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ áàpù). Bí èsì bá jẹ́ 200 (ó yọrí sí rere), header náà máa ń dé ọ̀dọ̀ browser. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 404 (ojú ìwé kò sí) tàbí 500 (àṣìṣe nínú server), ìyẹn ìgbà tí mo nílò rẹ̀ jù lọ, n kì í rí i rárá. Níbo ni ó ń sọnù sí?

Èsì kìíní
Ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù yín. Ẹ lo curl -i (àṣẹ tó ń fi èsì àti àwọn header rẹ̀ hàn) láti béèrè ojú ìwé tí kò sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ tààrà lọ́wọ́ 127.0.0.1:8000 (àdírẹ́sì áàpù fúnra rẹ̀), lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọ̀dọ̀ Nginx. Bí ti àkọ́kọ́ bá ní header náà tí ìkejì kò ní i, áàpù yín kò jẹ̀bi.

Olùbéèrè
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Mo sì tún rí i pé JSON ni áàpù fi dáhùn, ṣùgbọ́n ojú ìwé HTML ni Nginx gbé jáde.

Èsì kejì
Ìyàtọ̀ yẹn ni ó tú àṣírí náà. Ẹ wò ó bóyá proxy_intercept_errors on àti error_page jọ wà nínú ìṣètò Nginx yín, nítorí pé bí wọ́n bá jọ wà, Nginx yóò da èsì àṣìṣe tí áàpù fi ránṣẹ́ nù, yóò fi ojú ìwé tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, àwọn header inú èsì náà yóò sì bá a lọ. Ẹ yọ ìlà proxy_intercept_errors kúrò, ẹ fi nginx -t yẹ ìṣètò wò, kí ẹ tó ṣe reload (kí Nginx lè tún ìṣètò náà kà). Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ojú ìwé HTML yẹn, ẹ fi ìlà náà sílẹ̀, kí ẹ kọ èyí sínú location rẹ̀ (abala ìṣètò tó ń darí ojú ìwé náà):

add_header X-Request-Id $upstream_http_x_request_id always;

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ always kúrò, torí pé láìsí rẹ̀, add_header kì í ṣiṣẹ́ lórí 404 àti 500. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: bí location bá ti ní add_header tirẹ̀, kì í jogún èyí tí ẹ kọ sí ìpele server mọ́, ẹ ní láti tún wọn kọ síbẹ̀.

Olùbéèrè
Inú fáìlì kan tí a fi include pè ni ìlà náà fara pamọ́ sí. Mo yọ ọ́, X-Request-Id sì ti ń bá 404 àti 500 wá báyìí. Ẹ ṣeun gan-an.